Ọbẹ̀ mi tún ti kan nínú fíríìjì, ẹ gbà mí o

AyokeKubwa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kìíní ni mo kó wá sí Kúbwà ní Àbújá, Ìbàdàn ni mo wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi wà ní Central Area, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, tí n bá máa fi padà ilẹ̀ ti ṣú, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé Sátidé ni mo máa ń se ọbẹ̀ tá a máa jẹ dé Fúráìdé. Ìkòkò ńlá kan báyìí, èyí tí màmá mi gbé fún mi nígbà ìgbéyàwó. Sátidé tó kọjá mo se ọbẹ̀ ata, ẹran màlúù kílò 3, ṣàkì, pọ̀nmọ́, mo tún ju ẹja gbígbẹ sí i, ọbẹ̀ yẹn ń ta sánsán dé ilé kejì. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo dé e, mo ní kó tutù di àárọ̀ torí látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọbẹ̀ gbígbóná máa ń ba fíríìjì jẹ́. Àárọ̀ Sọ́ńdè kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì mo gbé e wọ fíríìjì tòun ti ọmọrí. Túsìdé tí mo ṣí i báyìí, ó ń hó bí ẹmu, láìsí iná lábẹ́ ẹ̀ o! Mo fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ti kan gan-an. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí láàárín oṣù kan. Iná tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ burú, a máa ń rí tó wákàtí 12 lójúmọ́. Ṣé fíríìjì ni kí n pààrọ̀ ni àbí kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

DapoWuse:
Kílò mẹ́ta ẹran. Ẹ kú ìnáwó o. Èmi ì bá ti jókòó síwájú ìkòkò yẹn kí n máa ṣọ́ ọ bí ọlọ́dẹ.

IyaIbejiNyanya:
Pẹ̀lẹ́ Àyọ̀kẹ́, má sunkún mọ́. Fi fíríìjì sílẹ̀ ná. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé ìgbà tó o fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ká pè é ní wákàtí 9, ìkòkò ràbàtà kan tó dé mọ́lẹ̀ nínú ooru oṣù kẹrin Àbújá yìí. Ọbẹ̀ ẹ ti kú kó tó dé fíríìjì, fíríìjì ò sì lè jí òkú.

Ìkòkò tó bá tóbi, ìta ẹ̀ lè tutù kí àárín ẹ̀ ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn gan-an sì ni ohun tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ fẹ́ràn. Tó o bá tún wá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ fíríìjì, á lò tó ọjọ́ kan kí àárín yẹn tó tutù. Ohun témi máa ń ṣe nìyí. Mo ní báàfù kan tí mi ò fi ṣe nǹkan míì. Bí mo bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, màá bu omi sí báàfù, màá ju píọ̀ wọ́tà tó ti dì bíi mẹ́fà sí i, màá gbé ìkòkò jókòó sáàárín ẹ̀, kí omi yẹn má kàn ga débi tó máa dà wọnú ọbẹ̀. Màá wá máa fi ìgbakọ tó mọ́ rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí omi bá ti gbóná màá dà á nù màá fi òmíì sí i. Nígbà tí mo bá fi máa wẹ àwọn ìbejì tán, ọbẹ̀ á ti fẹ́ẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà ni màá wá bù ú sínú àwọn ike pẹlẹbẹ, kì í jìn ju íǹṣì 2 lọ, kí òtútù lè tètè wọ̀ ọ́ láti òkè àti ìsàlẹ̀. Kò dìgbà tó bá tutù rinrin kó o tó gbé e wọlé o. Ike kékeré tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò lè ba fíríìjì kankan jẹ́, ìkòkò ńlá tó ń jó èèyàn lọ́wọ́ ló máa gbóná mọ́ gbogbo ohun tó bá nínú ẹ̀.

AyokeKubwa:
Yéè! Èmi tí mò ń bá oníná jà. Ẹ ṣé mà.

BabaZaria:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ̀rín ń pa mí. Mo dé Ṣábó Zaria yìí ní 1979, ìyàwó mi a se ọbẹ̀ ìkòkò kan, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin la fi ń jẹ ẹ́, kò sí fíríìjì, kò sí jẹnẹrétọ̀. Láàárọ̀ a gbé e kaná, lálẹ́ a gbé e kaná. Ìyá mi l'Óṣogbo tiẹ̀ ní òfin tiẹ̀: tọ́bẹ̀ bá ti hó lálẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣíbí tó bá sì ti kan ẹnu ò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò, ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á fi ìgbakọ gbá a lórí. Gbogbo wa la dàgbà. Ọbẹ̀ tó bá ti hó, kòkòrò wo ló tún kù níbẹ̀?

NoosiKano:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Òfin Ìyá yẹn dáa gan-an ni, mo fẹ́ kí gbogbo ilé máa lò ó, pàápàá ti ṣíbí yẹn. Gbígbé kaná ló gba ọ̀pọ̀ wa là nígbà tí kò sí nǹkan míì. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí iná ò lè ṣe.

Àkọ́kọ́, àwọn kòkòrò kan wà, tí iná bá ti ń bọ̀, ńṣe ni wọ́n á ká ara wọn sínú èèpo líle kan, ọbẹ̀ á hó lé wọn lórí, wọn ò ní kú. Bí ọbẹ̀ bá wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, wọ́n á jáde, wọ́n á máa pọ̀ sí i. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium perfringens, ọbẹ̀ ẹlẹ́ran nínú ìkòkò ńlá ni ilé ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, láàárín wákàtí 6 sí 24 inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìgbẹ́ gbuuru á dé. Ìkejì, àwọn míì wà tó jẹ́ pé kí ẹ tó pa wọ́n wọ́n ti tọ̀ sínú ọbẹ̀, ìtọ̀ wọn yẹn ni májèlé, ẹ lè sè é títí kó gbẹ, májèlé yẹn wà níbẹ̀. Èyí tó ń tinú imú àti ọwọ́ wa wọnú oúnjẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ń gbé inú ìrẹsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èébì ni tiwọn, ó sì máa ń yá.

Torí náà kì í ṣe pé kó hó ni gbogbo ọ̀rọ̀, iye wákàtí tó lò láàárín gbígbóná àti tútù ni. Láti ìwọ̀n 60 wá sí ìwọ̀n 5 Sẹ́ẹ̀síọ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, tí ooru ìta bá ti ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí 1 péré. Àwa tá a wà ní Kano níbí, tí oṣù kẹrin bá dé, ọ̀sán lè ju 40 lọ, ẹ fojú bù ú. Ooru Òṣogbo yín ti ìgbà yẹn ò tó ti Zaria tẹ́ ẹ wà yìí sà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú rírun lásán ni, àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣe ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2015, wọ́n ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 600 ni oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ń ṣe lọ́dún, àwọn bíi 420,000 nínú wọn ń kú, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 sì pọ̀ gan-an nínú ẹ̀. Àwọn ọmọdé la máa ń rí ní wọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú dírípù lọ́wọ́, tá a bá bi ìyá wọn pé kí ni wọ́n jẹ, wọ́n á ní ọbẹ̀ àná ni, ṣùgbọ́n mo gbé e kaná.

BabaZaria:
Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n lè jẹun lọ́sàn-án yìí. Ṣùgbọ́n màá ṣì máa gbé tèmi kaná o.

NoosiKano:
Ẹ máa gbé e kaná sà, ẹ kàn jẹ́ kí ìkòkò náà kéré, èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán, kó má sùn níta.

DapoWuse:
Tí ò bá rùn tí ò sì kan ńkọ́? Èmi máa ń fi imú mọ̀ ọ́n ni.

NoosiKano:
Imú ò mọ májèlé. Èyí tó kan yẹn tiẹ̀ ṣe wá lóore, ó kìlọ̀. Èyí tó ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa kì í rùn. Àti pé ẹ yéé fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, Àǹtí Àyọ̀kẹ́ mò ń bá yín wí.

OniFirijiZuba:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tún fíríìjì àti AC ṣe. Ìdajì àwọn tó ń pè mí pé fíríìjì àwọn ò tutù mọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Nọ́ńbà 1 sí 7 tó wà lára bọ́tìnnì inú ẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n ooru o, agbára ni, 7 ló tutù jù. Mo ti dé ilé kan ní Sùléjà tí ọ̀gá ilé yí i sí 1 torí ó rò pé ìwọ̀n 1 ni, ẹran ń rà nínú ẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà kékeré, èyí tí wọ́n ń gbé sínú fíríìjì, kò wọ́n. Ìwọ̀n 4 tàbí kó dín ni kẹ́ ẹ máa rí nínú fíríìjì, ní fíríísà 18 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ wá fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fà á, tó bá yọ wẹ́rẹ́ láìjà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti lọ nìyẹn, òtútù ń jáde lọ́sàn-án lóru ẹ sì ń sanwó iná ẹ̀. Àwọn irin tó rí bí egungun ẹja lẹ́yìn ẹ̀, ọyẹ́ lókè ọ̀hún níbí máa ń kó eruku bò ó bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí ọyẹ́ bá ti lọ ẹ yọ ọ́ nínú iná kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ẹ má fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri, òun náà fẹ́ máa mí. Ẹ má sì gbé ọbẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló gbóná jù, omi àti ketchup ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀. Ẹran tútù, ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ má baà kán sínú ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ti sè.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí i! Èèyàn á ṣí i wò bóyá ó ṣì tutù, òun fúnra ẹ̀ ló ń lé òtútù jáde. Tẹ́ ẹ bá pa á dé mọ́lẹ̀ fíríìjì lè di wákàtí 4 mú. Fíríísà tó kún dáadáa, wákàtí 48. Tó bá jẹ́ ìdajì ló kún, 24. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fáwọn oníbàárà mi pé ibi tó bá ṣófo nínú fíríísà, ẹ fi píọ̀ wọ́tà dí i, tó bá ti dì, òun ló máa ràn yín lọ́wọ́ tí iná ò bá sí. Látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin 2024 (wọ́n ti sún un síwá sẹ́yìn látìgbà náà), mo ń rí àwọn tó ń pa fíríísà lálẹ́ láti dín owó kù. Tó bá kún tó sì dì gbagidi, ó lè gbà á. Fíríìjì lásán ni kẹ́ ẹ má dán an wò pẹ̀lú, ọbẹ̀ inú ẹ̀ ò ní yìnyín tó máa fi dúró.

IyaIbejiNyanya:
Ọ̀gá, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, rọ́bà tèmi ti lọ.

JideJos:
Ẹ kú ìmọ̀ràn. Jos lèmi wà, àpọ́n ni mí, mi ò ní fíríìjì. Níbí tí ọyẹ́ bá dé, alẹ́ máa ń tutù débi pé ẹnu èèyàn ń yọ èéfín. Èmi kàn máa ń gbé ọbẹ̀ sí ojú fèrèsé ni. Ṣé kò sí wàhálà?

NoosiKano:
Òtútù Jos ò tó ti fíríìjì, bó ti wù kẹ́ ẹ wọ súwẹ́tà tó. Alẹ́ tó bá tutù dé 10 ṣì ju 5 lọ, tí oòrùn bá sì yọ láago mẹ́sàn-án ńkọ́? Ẹ se èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán. Ìkòkò àpọ́n kì í ṣe ìkòkò òde.

AraDutse:
Jide, ẹ̀yin tí ẹ ò ní fíríìjì, ẹ gbọ́ ti ìkòkò inú ìkòkò. Jígáwá níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mohammed Bah Abba tí ìdílé wọn ń mọ ìkòkò, òun ló gbé e kalẹ̀ láwọn ọdún 1990, ó gba àmì ẹ̀yẹ Rolex lórí ẹ̀ ní 2000. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni wọ́n máa gbé sínú ńlá, wọ́n á da yanrìn sáàárín méjèèjì, wọ́n á máa wọ́n omi sí yanrìn yẹn, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó lórí. Bí omi yẹn bá ṣe ń gbẹ kúrò lára amọ̀ ló ń gbé ooru inú ẹ̀ lọ. Ìgbá tí ì bá ti rọ lọ́jọ́ 3, ó ń lo ọjọ́ 27 nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibi tó gbẹ bíi tiwa níbí ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ sí Èkó pẹ̀lú ọ̀rinrin wọn, ìkòkò lásán ni. Mo ní ọ̀kan lẹ́yìn ilé.

Tòmátò, tàtàṣé, ẹ̀fọ́, ìgbá, ìyẹn ló wà fún. Ọbẹ̀ sísè kọ́ o. Kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

AlaseKaduna:
Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dé, ìnáwó méjì ni mo ní lópin ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ òde ni mò ń se ní Kaduna. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lókè yìí bá mi lára mu, ó kù díẹ̀ tí n fẹ́ fi kún un lórí fíríísà torí òun gan-an ni mo fi ń jẹun.

Àyọ̀kẹ́, ọbẹ̀ Sátidé ò gbọdọ̀ jókòó sínú fíríìjì dé Fúráìdé, bó ti wù kó tutù tó. Ọjọ́ 3, ó pọ̀ jù ọjọ́ 4. Pín in sí méjì ní Sátidé yẹn gan-an: èyí tẹ́ ẹ máa jẹ dé Túsìdé, fíríìjì, tó kù, fíríísà. Àwọn kan máa ń dúró di Wẹ́sìdé tí ọbẹ̀ ti rẹ̀ kí wọ́n tó rántí fíríísà, fíríísà ò pa kòkòrò o, ó kàn mú un sùn ni. Bó o ṣe gbé e wọlé ló ṣe máa bá ẹ jáde.

Má fi ike kún dé ẹnu. Omi máa ń wú tó bá dì, tó bí ìdá 9 nínú 100, mo ti rí ìgò tó là sí méjì nínú fíríísà tí ayamáṣe sì dì mọ́ àfọ́kù ìgò lára, gbogbo ẹ̀ la dànù. Fi àyè bí ìka kan sílẹ̀ lókè. Èmi fẹ́ràn ọ̀rá tó nípọn, màá bu ìwọ̀n tí ilé máa jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, màá fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde, màá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lórí tírè. Tó bá dì tán wàá máa tò ó dúró bíi wáláà ilé kéwú, kì í gbàyè, ó sì tètè máa ń yọ́. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù kẹ́ ẹ tó bù ú sí ọ̀rá. Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ọn kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọbẹ̀ àti ọjọ́, torí tó bá dì tán ẹ̀gúsí àti gbẹ̀gìrì lè jọra wọn. Mo ti gbé gbẹ̀gìrì lọ fún ẹni tó ní kí n gbé ọbẹ̀ ata wá rí. Ìtìjú ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Oṣù 2 sí 3 ni mo máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ lò. Kì í ṣe pé á pa èèyàn lẹ́yìn ìyẹn bí fíríísà bá dì dáadáa, adùn ẹ̀ ló ń lọ, ẹran á máa ṣe bí ìdì igi.

Ọbẹ̀ ata, ayamáṣe, ẹ̀gúsí, wọ́n ń dì dáadáa. Ẹ̀fọ́ rírò, ẹ má jẹ́ kí ewé jinná tán, ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e kaná ló máa parí ẹ̀. Ilá, ẹ gbàgbé ẹ̀, tó bá yọ́ omi á wà lọ́tọ̀ ilá á wà lọ́tọ̀. Ewédú tí a ti sè náà ò dùn mọ́ mi lẹ́nu, ìṣẹ́jú mélòó ni mo fẹ́ fi se tuntun. Gbẹ̀gìrì tètè máa ń kan níta ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ó ń dì, tó bá yọ́ á dà bíi pé ó já, ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú lórí iná á padà wá. Pòtétò inú ọbẹ̀ máa ń ṣe bíi yanrìn. Ẹyin sísè á di rọ́bà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ata. Láti oṣù kìíní sí ìkẹta, tòmátò máa ń rọ̀ wá láti ìhà Kadawa àti Kura ní Kano, apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ẹ lè rà tí owó ò ní dùn yín, nígbà tó bá fi máa di oṣù karùn-ún sí ìkeje ó ti di wúrà. Ẹ rántí 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátò tán ní Kaduna níbí, táwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátò? Ẹni tó ní ata nínú fíríísà lọ́dún yẹn, ọba ni. Èmi máa ń ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta nígbà tó pọ̀, màá yọ èyí tó ti rà kúrò (ẹ má ní kẹ́ ẹ gé ibi tó jẹrà kẹ́ ẹ lo ìyókù torí pé ó pọ́n), màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, màá sè é láìdé e títí omi ẹ̀ á fi gbẹ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí èèyàn lọ́wọ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Á tutù, màá pín in sí ọ̀rá, ìkọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ọbẹ̀ kan, ó di fíríísà. Apẹ̀rẹ̀ odindi á wá di ọ̀rá tí ẹ lè kà lórí ìka.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe ni ata díndín inú ìgò tí wọ́n máa bu òróró bò lórí tí wọ́n á gbé sórí kábọ́ọ̀dù pé òróró ò jẹ́ kó bàjẹ́. Abẹ́ òróró ni afẹ́fẹ́ ò dé, kòkòrò kan sì wà tó jẹ́ pé ibi tí ò sí afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

NoosiKano:
Clostridium botulinum. Ààyù tútù tí wọ́n rẹ sínú òróró náà ń gbé e. Fíríìjì ni kó wà, ọjọ́ díẹ̀ sì ni. Òun kì í ṣe inú rírun, ó ń mú kí èèyàn má lè mí.

MamaTolaGwarinpa:
Mo fẹ́ bèèrè lórí yíyọ́ ọbẹ̀ tó ti dì. Èmi máa ń gbé e síta láàárọ̀ kí n tó lọ ibi iṣẹ́, tí n bá dé lálẹ́ ó ti yọ́.

AlaseKaduna:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Etí ẹ̀ á ti yọ́ láago mẹ́wàá àárọ̀, á wá jókòó sínú ooru títí dalẹ́ kí àárín tó yọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti gbé e láti fíríísà sí fíríìjì. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé (mo máa ń gbàgbé), ẹ ki ọ̀rá náà bọ omi tútù, tàbí kẹ́ ẹ já a sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀ lórí iná kékeré, ọbẹ̀ tó bá wà pẹlẹbẹ kì í pẹ́ yọ́. Kó wá hó láti àárín o, kẹ́ ẹ máa rò ó, máíkírówéèfù pàápàá máa ń jó etí kó fi àárín sílẹ̀ ní tútù. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ nìkan ni kẹ́ ẹ bù kaná, ẹ yéé gbé gbogbo ọbẹ̀ gbóná kẹ́ ẹ tún dá a padà.

OniFirijiZuba:
Mo gbàgbé nǹkan kan. Ẹni tó bá máa rìnrìn àjò, ẹ bu omi sí kọ́ọ̀pù kí ẹ gbé e sí fíríísà, tó bá dì, ẹ gbé owó kọ́ìn lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ bá kọ́ìn yẹn lókè, kò sí wàhálà. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, fíríísà ti yọ́ pátápátá ó tún ti dì, ẹ̀yin ò kàn sí nílé ni.

DapoWuse:
Kọ́ìn kẹ̀? Nàìjíríà wo lẹ ti fẹ́ rí kọ́ìn? 

OniFirijiZuba:
Òkúta kékeré ńkọ́? Bọ́tìnnì aṣọ ńkọ́? Ẹ̀yin ará Wuse yìí.

AyokeKubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Mo ti ń bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kí n wá dúpẹ́. Mo ra tẹmómítà, fíríìjì mi wà ní 9, mo yí i sí 5 ó bọ́ sí 4, ó ń tutù dáadáa. Ìkòkò ìgbéyàwó yẹn ti wà lókè kábọ́ọ̀dù, méjì kéékèèké ni mo ń lò báyìí, báàfù Ìyá Ìbejì náà wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ò kan mọ́.

Kọ́ìn náà, mo rí ọ̀kan nísàlẹ̀ àpò ìránṣọ màmá mi, náírà 1 tí wọ́n gbé jáde ní 2007. Mo gbé e lé kọ́ọ̀pù kí n tó lọ Ìlọrin fún ìsìnkú, ọjọ́ márùn-ún. Mo dé lálẹ́ àná, iná wà, fíríísà dì gbagidi, gbogbo ọ̀rá mi le bí òkúta, inú mi dùn. Mo wá rántí kọ́ọ̀pù. Kọ́ìn ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, mò ń wò ó láti inú yìnyín. Mo lọ bi aládùúgbò, ó ní ọjọ́ kejì tí mo lọ ni waya fò lórí òpó, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi níná. Ọ̀rá ẹ̀gúsí mẹ́rin, ọbẹ̀ ata mẹ́ta. Ọkọ mi ní ká sè é ká fi iná pa á, mo ní ṣé o fẹ́ mu ìtọ̀ ni? Mo dà á nù. Ó dùn mí, àmọ́ n ò sunkún.

Ọ̀kan ló kù tó ń ṣe mí bíi kí n má dà nù. Kúlà kan wà tí mo gbé fún Ìyá Tọ́pẹ́ ilé kejì kí n tó lọ, ẹran tútù kílò 2 ló wà nínú ẹ̀, ó ní ìgbà tí iná ò sí òun gbé e lọ sí fíríísà àbúrò òun ní Lugbe, ìgbà tó débẹ̀ yìnyín ṣì wà lára ẹ̀ tó ń dán. Ṣé ó ṣì dáa?

AlaseKaduna:
Tí yìnyín bá ṣì wà lára ẹ̀ lóòótọ́ nígbà tó débẹ̀, ó dáa. Àmọ́ sè é lónìí, má tọ́jú ẹ̀ mọ́. Kí o sì gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ fún Ìyá Tọ́pẹ́.